Èmi àti Abẹ́rẹ́ Lórí Ẹ̀rọ Ijó

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ra ìwé yìí torí pé tí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ìjà ni. Ìwé ò lè dá mi lóhùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Inú ń bí mi. Láti Sátidé ló ti ń bí mi, mo sùn tì í, mo jí tì í. Èmi àti Abẹ́rẹ́ la lọ sí ilé géèmù. Abẹ́rẹ́ lọmọ mi. Nínú ọkàn mi ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ó tín-ín-rín, ó sì mú. A gorí ẹ̀rọ ijó. Ẹ̀rọ tí mo ti ń gùn láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní pírámárì! Ọfà á máa gòkè lójú ẹ̀rọ, tó bá ti kan ìlà lókè, kéèyàn tẹ irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí pèpéle — iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Orin tí mo lè jó lójú oorun ni mo yàn. Gbogbo ẹsẹ̀ tí mo gbé, ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà síwájú mi: Ó YÁ JÙ. Ó YÁ JÙ. Ó YÁ JÙ. Bí ìgbà tí tíṣà ń na akẹ́kọ̀ọ́ lójú gbogbo kíláàsì.

Orin ò dé ìdajì tí ẹ̀rọ fi lé mi sọ̀kalẹ̀. Ọmọ Dẹ́ńtísì, ọ̀rẹ́ Abẹ́rẹ́, tí bàbá rẹ̀ ń yọ eyín fáwọn èèyàn, fọwọ́ bo ẹnu. Kò tètè bò ó. Mo rí eyín.

Ìdíje oníméjì-méjì ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù yìí. Èmi àti Abẹ́rẹ́ la forúkọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń lọ sí ilé ìwé gíga nílùú tó jìnnà. Ó parí nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́. Mi ò bẹ Ọlọ́run fún mọ́tò, mi ò bẹ̀ ẹ́ fún ilé. Kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi lórí pèpéle yẹn, ká jó o kó pé, kó tó lọ.

Ta ló kọ́kọ́ bá a jó o? Nígbà tó ṣì kéré, tí ẹní eré kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti jó géèmù yìí nílé, wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìkejì wà nílẹ̀ lásán, tó ń bẹ bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ wá." Alága ò dìde lórí àga. (Alága lọkọ mi. Ẹni tó bá rí i ká á mọ ìdí.) Èmi tí mo ti dúró ti áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ ní ilé ìfọṣọ, èmi ni mo bọ́ bàtà. Mo rò pé mo ń ṣe é fún ọmọ ni. Irọ́. Láàárín orin méjì, mo ti gbàgbé ọmọ.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo dé láti ibi iṣẹ́, a tẹ́ ẹní méjèèjì síwájú tẹlifíṣọ̀n Alága. Tuntun ni, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Nítorí bọ́ọ̀lù ló ṣe rà á, kò tíì ju oṣù méjì lọ nílé, ó sì ń nù ún ju bó ṣe ń nu ojú ara rẹ̀. Èyí àtijọ́, tó nídìí bí àpótí, ó ti gbé e fún àbúrò rẹ̀.

Mo jó. Ọfà kan ò bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà jó o dáadáa, mo fi díẹ̀ borí rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, díẹ̀ báyìí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì," ó wọ yàrá lọ.

Ó dáa. Tí mo bá lè jó o báyìí nílé, kí ló ń ṣe mí níta? Tàbí ta ló ń ṣe mí?

Ẹtì, 6

Mo ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ilé géèmù ni, Kọ́kọ́rọ́. Òun ló ba pèpéle yẹn jẹ́.

Àbámẹ́ta, 7

Mo bá èèyàn jà lónìí.

Kọ́kọ́rọ́ ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé géèmù. Kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ ló so mọ́dìí, èèyàn á gbọ́ ọ kó tó rí i. Òun ló máa ń ṣí inú àwọn ẹ̀rọ, òun ló ń tì wọ́n. Mo gorí pèpéle lónìí, ó tún di Ó YÁ JÙ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ bá a. Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yìí?"

Ó ní kí lòun ṣe sí i, àfi bí òun ṣe nu eruku rẹ̀.

Mo ní ó ti fi nǹkan há a nídìí, káwọn àgbà má baà gùn ún mọ́, kó lè ku àwọn ọmọdé tó ń wù ú. Ó ní, "Mọ́mì, ọmọ kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ò bá a jà."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Mo pè é ní olè. Mo pè é ní ẹlẹ́tàn. Mo ní ẹni tó ń rìn káàkiri bí ajá tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ijó. Ohùn mi dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu ọ̀nà, torí mo rí i tí obìnrin ibẹ̀ yọrí wò.

Kọ́kọ́rọ́ wá sídìí pèpéle. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí irin pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n wá wò ó. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. "Ẹ wò ó dáadáa, Mọ́mì. Tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ mi níbẹ̀, ẹ gé e." Ó tì í padà. Ó lọ.

Mo wá Abẹ́rẹ́. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé géèmù bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, tí kò sì mọ̀ mí rí.

Àìkú, 8

Orúnkún ń dùn mí. Tàbí mo ń fẹ́ kó máa dùn mí. Ìyẹn á rọ̀ mí lọ́rùn.

Ìṣẹ́gun, 10

Alága gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé géèmù. Ta ló sọ fún un, mi ò mọ̀. Ó ń wo bọ́ọ̀lù, kò tiẹ̀ yí ojú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, ara ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o. Wá jókòó bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ."

Mo ní ẹgbẹ́ mi wo? Àwọn tó jókòó nínú ẹgbẹ́ mi, ìdí ti ń dùn wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí rìmóòtù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun nìyẹn, ìdí òun ò dùn òun.

Èyí ò dùn mí tó ti Abẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnnì. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, bóyá kẹ́ ẹ sinmi lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ Dẹ́ńtísì ti ní òun lè bá mi jó o." (Kò pè é bẹ́ẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀. Nínú ìwé mi, Ọmọ Dẹ́ńtísì ló ń jẹ́.)

Mo ní kò burú. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo sọ ọ́, bí ìyá rere. Mo lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi, mo fi tówẹ̀lì dí ẹnu mi, mo pariwo sínú rẹ̀.

Bóyá òótọ́ ni. Bóyá mo ti di àgbàlagbà tó ń fò kiri láàárín ọmọdé tí ẹnikẹ́ni ò láyà láti sọ fún.

Ọjọ́rú, 11

Mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì — òsì, òsì, iwájú — mi ò mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ti dúró sójú kan. Ọ̀gá mi obìnrin gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó ń yọjú láti inú ihò. "Ìyá, ṣé fèrèsé lo fẹ́ là sí i ni?" Gbogbo ilé ìfọṣọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 14

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Rárá, mi ò lè fara balẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àti Ọmọ Dẹ́ńtísì lọ ṣe ìdánrawò ní ilé géèmù. Alága lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó ku èmi nìkan lọ́sàn-án gangan. Mo tẹ́ ẹní. Mo fẹ́ jó ìkẹyìn, kí n ká a, kí n jù ú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹni tó bá fẹ́ jó máa ń kọ́kọ́ yan orúkọ. Èmi ní tèmi, Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀. Mi ò fẹ́ rí orúkọ mi sójú. Mo yan tirẹ̀.

Ó YÁ JÙ. Ó YÁ JÙ. Nílé! Nílé mi, lórí ẹní mi!

Mo jókòó sílẹ̀. Mo tún dìde. Mo ní ó dáa, tí mo bá yá jù, ẹ jẹ́ kí n dúró. Mo ń wo ọfà títí ó fi jókòó sórí ìlà pátápátá kí n tó tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Gbogbo rẹ̀ pé. Mo padà sí orúkọ tèmi, mo tún dúró de ọfà bẹ́ẹ̀. Ó PẸ́ JÙ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ó PẸ́ JÙ.

Ẹní kan náà. Tẹlifíṣọ̀n kan náà. Ẹsẹ̀ kan náà. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀.

Mo wọ inú ètò géèmù náà, ibi tí mi ò wọ̀ rí torí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Mo gbé awò ojú Alága sójú. Mo rí ibi tó ti ń béèrè pé ṣé tẹlifíṣọ̀n yín ń falẹ̀. Olúkúlùkù ló máa dáhùn fún orúkọ ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti dáhùn fún tirẹ̀. Tèmi wà ní òdo.

Tẹlifíṣọ̀n ńlá yẹn ni! Ó máa ń di àwòrán mú díẹ̀ kó tó gbé e jáde, bí ẹni tó ní oúnjẹ lẹ́nu tí wọ́n bi ní ìbéèrè. Kò tó ìṣẹ́jú ojú. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni mo ti ń kọ́ ẹsẹ̀ mi láti sáré ṣíwájú ọfà, kí n lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí mi ò sì mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá gbé sísáré náà lọ sí ilé géèmù, níbi tí ẹ̀rọ kì í falẹ̀. Kì í ṣe orúnkún. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Kì í ṣe Kọ́kọ́rọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Abẹ́rẹ́ mọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún tirẹ̀ ṣe. Ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Sátidé méjì, ó ń wo bí mo ṣe ń tú ká.

Àìkú, 15

Mo fún un láyè. Mo ní bóyá kò mọ̀ pé tèmi ò sí níbẹ̀. Mo bi í nídìí tíì bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn: "Géèmù yẹn, ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó yẹ kéèyàn tún ṣe nínú rẹ̀ nítorí tẹlifíṣọ̀n tuntun yìí?"

Ó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Ọ̀bẹ dúró. Ọ̀bẹ tún ń lọ.

"Kò sí o, Mọ́mì."

Ìṣẹ́gun, 17

Mo lọ bẹ Kọ́kọ́rọ́. Mo gba àyè wákàtí kan níbi iṣẹ́. Èèyàn mélòó kan wà níbẹ̀, mo sún mọ́ ọn, mo rọra sọ̀rọ̀ sí i létí pé kó má bínú, tẹlifíṣọ̀n ilé mi ló fà á.

Ó wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ariwo lẹ fi bú mi. Ẹ má fi jẹ́jẹ́ bẹ̀ mí."

Ara mi gbóná. Mo fẹ́ padà sílé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, òótọ́ burúkú. Mo dúró sáàárín ilé géèmù, mo gbé ohùn sókè, mo ní ọkùnrin yìí kì í ṣe olè, mo purọ́ mọ́ ọn. Obìnrin ẹlẹ́rìndòdò tún yọrí. Kọ́kọ́rọ́ ní, "Àti ti ajá ńkọ́?" Mo ní kì í ṣe ajá náà. Ó ní ó tán.

Ó ṣí ẹ̀rọ fún mi. Orin àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi ṣì ń sáré ṣíwájú, mo ń bá a wọ̀yá ìjà. Orin kejì, mo dúró de ọfà. Ó pé. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú tún bí mi sí i. Tó bá jẹ́ orúnkún ló bàjẹ́ ni, mi ò ní ẹni tí mo máa bínú sí.

Ọjọ́bọ̀, 19

Mo pè é sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "O mọ̀." Kò bi mí pé kí ni. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní ṣé mo ń tì í lójú ni. Ó ní rárá, tó bá jẹ́ ìtìjú ni, ì bá rọrùn. "Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń wò, Mọ́mì. Láti kékeré mi. Tí mo bá jó o dáadáa, ẹ̀yin á jó o jù bẹ́ẹ̀ lọ, díẹ̀ báyìí, ẹ ó sì wojú mi. Kò sí ọjọ́ kan tẹ́ ẹ jẹ́ kí n borí."

Ó ní òun ò gbèrò rẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, òun tún tòun ṣe, òun ń bọ̀ wá ṣe tèmi. A jọ jó lọ́jọ́ yẹn, òun borí. "Ó dùn mọ́ mi. Mo ní kí n fi sílẹ̀ di ọ̀la." Ọ̀la yẹn ò dé. "Ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ tún ti borí mi. Ẹ kọ́ ẹsẹ̀ yín ní irọ́, Mọ́mì, ẹ sì fi irọ́ náà borí mi."

Mo ní ṣé kí n máa tiro ni, káyé lè pe ọmọ mi ní asáré?

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́."

Ọwọ́ mi gbéra. Mo fi gbá pílò. Ó dìde, ó ní kí n má bínú, ó jáde.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá inú orí mi. Ọjọ́ kan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìgbà tó ṣàìsàn. Mi ò tíì rí i. Ìyẹn ò sọ ohun tó ṣe di rere. Ẹ má tan ara yín jẹ — ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi ni. Kí n má tan ara mi jẹ.

Ẹtì, 20

Alága bèèrè ìdí tí ilé fi rí bí kóòtù. Mo ní tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń falẹ̀. Ó ní irọ́ ni, góòlù ń wọlé lásìkò. Lẹ́yìn náà ó gbé rìmóòtù sílẹ̀. Ó ní, "Abájọ. Àwọn aládùúgbò máa ń pariwo góòlù kó tó wọlé lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ẹ̀mí ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni."

Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó jáde lẹ́nu mi.

Àbámẹ́ta, 21

Mi ò lè kọ ọ́ lónìí.

Àìkú, 22

Lánàá, mo ní mi ò ní lọ síbi ìdíje, mo lọ.

Ilé géèmù kún. Kọ́kọ́rọ́ fún mi ní àga nítòsí pèpéle. Abẹ́rẹ́ rí mi, ó gba àárín èrò kọjá wá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bọ́ bàtà. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní ẹ̀yin lẹ ni ín, òun ò bínú."

Mo ní, "Èmi ń bínú."

Ó padà.

Ohun tí mo ti fẹ́ láti oṣù mélòó nìyẹn, ó gbé e wá bá mi níṣojú gbogbo èèyàn, mo sì kọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi nínú bàtà. Mo jókòó lé ọwọ́ mi.

Wọ́n gorí pèpéle. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó wá yé mi pé mi ò rí i rí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, ojú mi ń bẹ lára ọfà tèmi. Ọmọ tí mo bí, mi ò mọ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ó ń fún ìgbúnwọ́ mọ́ra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó ń rìn lórí irin tó gbóná. Ó ń fi ètè ka orin. Èrò pariwo fún un, òun nìkan, kò sẹ́ni tó wò mí. Ó dùn mí. Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó máa kà á: ó dùn mí pé wọn ò wò mí.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i. Tí ọfà méjì bá jọ dé, tó yẹ kó fò kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń gbẹ́yìn. Díẹ̀ báyìí. Torí ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fò, ó máa ń yí orí sọ́tùn-ún. Ọ̀tún ni mo máa ń dúró sí. Ọmọ Dẹ́ńtísì ló wà níbẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ojú rẹ̀ ń wá. Mo ga ju ọmọ yẹn lọ. Òkè orí rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ń wò, níbi tí ojú mi ì bá wà.

Wọ́n gbé ipò kejì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló fi díẹ̀ borí wọn. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ló fà á.

Lẹ́nu ọ̀nà ó bá mi. Òógùn wà lójú rẹ̀. "Mọ́mì, níbo ni mo ti ṣì í? Ẹ rí i, àbí? Ẹ̀yin lẹ lè rí i."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Wọ bàtà ẹ, ká máa lọ."

Lónìí ó ń di ẹrù. Ó ní òun á mú ẹní kan dání, pé ẹ̀rọ ijó wà nílùú ibi tí òun ń lọ. Ibẹ̀ náà lá ti máa fò, tá á máa yí orí, tí ẹsẹ̀ òsì á máa gbẹ́yìn, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe kóòṣì, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kan ni: má wo ọ̀tún, kò sẹ́ni níbẹ̀.

Ó ń gbé àpótí láti yàrá rẹ̀ sí pálọ̀. Ó ti kọjá níwájú ilẹ̀kùn mi bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó ń rọra rìn tó bá débẹ̀.

Mi ò tíì pè é.